Ta Ni Ó Ṣẹ́gun ní Kírìjì?

Nígbà tí a rán mi lọ sí Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà láti lọ fi ìkọ́ni dánra wò, ẹ̀kọ́ ìtàn ni ó kàn mí ní ọjọ́ kẹta, ogun Kírìjì ni mo sì yàn láti fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún. Mo ya òkè méjì sí ara pátákó dúdú, mo fa odò Fẹ́jẹ̀bojú sí àárín wọn, mo kọ Ìbàdàn sí apá kan, mo sì kọ Èkìtìparapọ̀ sí apá kejì. Ohun gbogbo ń lọ déédéé títí ọmọkùnrin kan fi na ọwọ́ sókè, tí ó sì béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwa ni a ṣẹ́gun ni, àbí àwọn?" Mo dá a lóhùn pé kò sí ẹni tí ó ṣẹ́gun, wọ́n parí ìjà ni. Ojú gbogbo kíláàsì rẹ̀wẹ̀sì bí ojú ẹni tí a já ẹran gbà ní ọwọ́ rẹ̀. Ọmọ náà kò tilẹ̀ jókòó, ó tún ní, "Bí kò bá sí ẹni tí ó ṣẹ́gun, kí ni ó mú wọn dáwọ́ dúró, sà?" Agogo ni ó gbà mí ní ọjọ́ náà. Olùkọ́ àgbà tí ó jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì kò kọ ju gbólóhùn kan lọ sínú ìwé mi: "Wá ìdáhùn fún ọmọ yìí."

Ohun mìíràn wà tí olùkọ́ àgbà kò rí láti ẹ̀yìn tí ó jókòó sí. Nígbà tí ọmọkùnrin yẹn ń wí pé "àwa" àti "àwọn", ọmọbìnrin kan tí àwọn òbí rẹ̀ ti Mọ́dákẹ́kẹ́ wá ṣòwò ní Ìpetu da ojú bolẹ̀, kò sì gbé e sókè mọ́ títí ẹ̀kọ́ fi parí. Nítorí àwọn ọmọ méjèèjì yìí ni mo ṣe kọ ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀ lé èyí.

Bí ogun náà ti bẹ̀rẹ̀ kò ṣe àjèjì sí ọ̀pọ̀ nínú wa, nítorí náà n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ìbàdàn ti ń jọba lórí apá púpọ̀ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì. Ní 1870 ni wọ́n kó Iléṣà pàápàá. Wọ́n fi ajẹ́lẹ̀ sí ìlú dé ìlú, ìwà àwọn ajẹ́lẹ̀ náà àti ti àwọn ìránṣẹ́ wọn sì le ju ohun tí ara lè gbà lọ. Ní 1877 Ààrẹ Látòósà ti Ìbàdàn gbé ogun ti àwọn Ẹ̀gbá. Ní ọdún kejì rẹ̀, nígbà tí ọwọ́ Ìbàdàn kún, Fábùnmi ní Òkè-Ìmẹ̀sí dìde sí àwọn ènìyàn ajẹ́lẹ̀, ọ̀tẹ̀ sì ràn bí iná ọyẹ́. Ní oṣù Kọkànlá 1878 Ìbàdàn ṣẹ́gun ní Ìkìrun, àwọn tí ń sá sì bọ́ sínú odò Ọ̀tìn tó bẹ́ẹ̀ tí a fi pe ogun náà ní Jálumi. Ẹnìkan ìbá rò pé ọ̀rọ̀ parí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì, Ìgbómìnà àti Àkókó tún ara wọn kó jọ, wọ́n ránṣẹ́ pe Ògèdèǹgbé ọmọ Iléṣà láti ṣe olórí wọn, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí ó wà ní Èkó sì bá wọn wá ìbọn tí a ń ki láti ẹ̀yìn, èyí tí ó yára ju ṣakabùlà lọ púpọ̀. Láti ìgbà náà ni ogun ti dúró sójú kan ní àárín Ìgbàjọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé. Ìró ìbọn ńlá tí ń dún láàrín òkè ni a fi sọ orúkọ rẹ̀ ní Kírìjì.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a dé orí ìbéèrè ọmọ náà. Èmi tikára mi ti rò tẹ́lẹ̀ pé àlàáfíà a máa rọrùn bí agbára àwọn méjèèjì bá dọ́gba, nítorí pé kò sí ẹni tí a óò dójú tì. Ìtàn Kírìjì fi hàn mí pé òdìkejì rẹ̀ ni. Bí ẹnìkan bá ti ṣẹ́gun, òun ni yóò pàṣẹ, ẹni tí ó sì ṣubú yóò gbà, bí inú rẹ̀ dùn, bí kò dùn. (Àlàáfíà bẹ́ẹ̀ ní àrùn tirẹ̀: èyí tí a ṣe ní Versailles ní 1919, tí a kò jẹ́ kí Jámánì bá wọn jókòó dá ọ̀rọ̀ rò, kò lò ju ogún ọdún lọ tí ogun mìíràn fi bẹ́.) Ṣùgbọ́n níbi tí kò sí aṣẹ́gun, ta ni yóò pàṣẹ? Olúkúlùkù ni ó ń wo ara rẹ̀ bí ẹni tí ìṣẹ́gun rẹ̀ kù sí ọ̀túnla. Ìbàdàn ń rántí Jálumi. Èkìtìparapọ̀ ń wo ìbọn tuntun ọwọ́ wọn. Kò sí èyí tí ó gbà pé òun ni ó yẹ kí òun kọ́kọ́ wí pé ó tó.

Bí ó tilẹ̀ rẹ̀ wọ́n, ó ṣòro láti padà sí ilé. Ẹ wò ó: ibùdó méjì dojú kọ ara wọn. Bí a bá wí pé kí a tú ká, ta ni yóò kọ́kọ́ di ẹrù rẹ̀? Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ kẹ́yìn sí ọ̀tá pẹ̀lú obìnrin, ọmọ, ẹrú àti ẹrù ní orí ti fi ẹ̀yìn rẹ̀ lé ọ̀tá lọ́wọ́. Láti ọdún dé ọdún ni àwọn oníṣẹ́ ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìbàdàn a ní kí àwọn ará ibẹ̀ yẹn kọ́kọ́ lọ. Àwọn ará ibẹ̀ yẹn náà a ní kí Ìbàdàn, tí ó wá bá wọn ní ilẹ̀ wọn, kọ́kọ́ kúrò. Kì í ṣe orí kunkun nìkan ni eléyìí. Ẹ̀rù tòótọ́ ni, nítorí pé àwọn méjèèjì mọ ohun tí àwọn ìbá ṣe bí ó bá jẹ́ pé ọ̀tá ni ó kọ́kọ́ kẹ́yìn. Títí di ìgbà tí ẹni kẹta fi dúró ní àárín wọn kò sí ẹni tí ó rí ọ̀nà gbà. Ní àkókò yìí ibùdó náà ti di ìlú: a kọ́ ilé síbẹ̀, a dáko, a ná ọjà, a bí ọmọ tí kò mọ ilé mìíràn. Ààrẹ Látòósà tí ó gbé ogun dé ibẹ̀ kú sí ibùdó ní 1885, kò padà wọ Ìbàdàn mọ́.

Ẹni kẹta yìí ńkọ́? Aláàfin Adéyẹmí ni a kọ́kọ́ rò sí. Ọba ńlá ni, a sì bọ̀wọ̀ fún un níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n lójú àwọn Èkìtì, òun ni olúwa Ìbàdàn, báwo ni ó ṣe lè ṣe ìdájọ́ láàrín wọn? Àwọn Ìbàdàn pàápàá ń fura pé kò ní dun Aláàfin bí apá àwọn bá rọ díẹ̀. Kò kúkú sí ọba Yorùbá kan ní ìgbà náà tí ogun yìí kò kàn ní ọ̀nà kan tàbí òmíràn: Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti dí ọ̀nà etíkun mọ́ Ìbàdàn, Ifẹ̀ bá Mọ́dákẹ́kẹ́ jà ní 1882 ó sì fara mọ́ Èkìtìparapọ̀, Ìlọrin ń gbógun ti Ọ̀fà. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kò lè ṣe onílàjà ilé ẹlòmíràn. Ní 1881 Aláàfin kọ̀wé sí Èkó pé kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bá wọn dá sí i, Samuel Johnson ni ó sì gbé ìwé náà lọ. Ìjọba kò tíì fẹ́ ti ọwọ́ bọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkè nígbà náà. Àlùfáà J. B. Wood lọ sí ibùdó ní 1884 àti ní 1885, ó bá ìhà méjèèjì sọ̀rọ̀, ó sì padà lọ́wọ́ òfo.

Ní 1886 ni ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀. Gómìnà Moloney ní Èkó rán àlùfáà méjì, ọmọ ilẹ̀ wa ni àwọn méjèèjì: Samuel Johnson lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn Ìbàdàn, Charles Phillips, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Òndó, sì lọ sí ọ̀dọ̀ Èkìtìparapọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ọgbọ́n tí ó wà nínú èyí. Kì í ṣe oníṣẹ́ kan ni a rán sí ìhà méjèèjì, bí kò ṣe pé ìhà kọ̀ọ̀kan ní ẹni tí ó mọ̀ wọ́n, tí ó lè jókòó tì wọ́n, kí ó sì gbọ́ ohun tí wọn kò lè wí ní gbangba. Àwọn méjèèjì rìn láàrín ibùdó lábẹ́ ìbọn, nítorí pé ìjà kò dáwọ́ dúró nígbà tí ọ̀rọ̀ ń lọ lọ́wọ́.

Ìwé àdéhùn tí ó jáde láti inú iṣẹ́ wọn ni ti ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà 1886. Bí a bá kà á, ó dà bí ẹni pé kò le rárá. Ṣùgbọ́n ẹsẹ kọ̀ọ̀kan ni ó ní ọgbẹ́ tirẹ̀ lábẹ́. Ohun tí Èkìtìparapọ̀ ń béèrè ni òmìnira, èyí ni Ìbàdàn kò sì fẹ́ kí etí òun gbọ́. Báwo ni a ṣe lè kọ ọ́ tí kò fi ní dà bí ẹni pé Ìbàdàn ṣubú? Wọ́n mú ọ̀rọ̀ ẹbí wọ inú rẹ̀. A kọ ọ́ pé kí Aláàfin àti Ọwá Iléṣà máa bá ara wọn gbé bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ìgbà tí ilẹ̀ Èkìtì wà ní òmìnira. Ẹ ò rí i bí ó ti dára tó! Ọ̀rọ̀ òmìnira wọlé láti ẹ̀yìn, ó wọ aṣọ ìgbà àtijọ́. Aláàfin gba ipò ẹ̀gbọ́n, Ọwá gba òmìnira, Ìbàdàn kò sì rí ibi tí a ti pè wọ́n ní ẹni tí a ṣẹ́gun. Lójú tèmi, ìlà yìí nìkan tó láti fi kọ́ ènìyàn ní ohun tí a ń pè ní ìlàjà.

Ìlú mẹ́rin ni ó tún fẹ́rẹ̀ẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́: Ìgbàjọ, Ìrèsì, Àdá àti Ọ̀tàn. Ìbàdàn kò fẹ́ jọ̀wọ́ wọn. Ìjẹ̀ṣà sì ń wí pé lára tiwọn ni. Ẹni tí ó bá ti rìn ní agbègbè náà yóò mọ̀ pé irinsẹ̀ ọjọ́ kan péré ni láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan dé ọ̀dọ̀ èkejì, ṣùgbọ́n àwọn ìlú wọ̀nyí ni ẹnubodè. A fi ilẹ̀ náà sí ọ̀dọ̀ Ìbàdàn, a sì fún àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ní àyè láti dúró tàbí láti lọ bí ó ti wù wọ́n. Inú ìhà méjèèjì kò dùn sí i tán. Mo rò pé nítorí èyí gan-an ni ó ṣe dúró, nítorí pé bí inú ẹnìkan bá dùn jù nínú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ẹnìkejì ti ń pọ́n ọ̀bẹ nìyẹn.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ni aṣojú Gómìnà méjì, Higgins àti Smith, wá sí Kírìjì pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun Hausa, wọ́n sì dúró sí àárín. Ní ọjọ́ 23 a kéde àlàáfíà. Lẹ́yìn náà àwọn ènìyàn di ẹrù wọn, iná sì jó ibùdó méjèèjì. Ìdáhùn fún ìdajì ìbéèrè ọmọ náà nìyí: ó ti rẹ̀ wọ́n, wọ́n rí ọ̀rọ̀ tí kò dójú ti ẹnikẹ́ni, wọ́n sì rí ẹni tí yóò dúró sí àárín kí wọ́n lè kẹ́yìn sí ara wọn láìbẹ̀rù. Nínú ohun mẹ́ta yìí, mo rò pé ti ìkẹ́yìn ni ó wọ́n jù.

Ṣùgbọ́n ìdajì ni. Nítorí bí mo bá dúró níbí, bí a ti ń dúró nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn tí àwọn ọmọ ń kà, mo ti parọ́ fún wọn. Ogun kò tán ní 1886. Ìlọrin, tí ó ti ń ran Èkìtìparapọ̀ lọ́wọ́, kò sí nínú àdéhùn náà. Wọ́n tẹ̀ síwájú ní Ọ̀fà, Ọ̀fà sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ní 1887. Ìbàdàn tí ó ń gbèjà Ọ̀fà jókòó sí Ìkìrun, ó ní òun kò lè lọ sílé kí Ìlọrin máa bọ̀ ní ẹ̀yìn òun. Nígbà tí Ìbàdàn wà ní Ìkìrun, Ògèdèǹgbé pẹ̀lú kò kúrò ní Ìmẹ̀sí-Ilé, nítorí kò mọ̀ bóyá ọ̀dọ̀ òun ni wọn óò tún yí ojú sí. Báyìí ni ẹni kan tí a kò pè sí ìpàdé ṣe di gbogbo àwọn tí a pè mọ́lẹ̀ fún ọdún méje. Ọdún 1893, nígbà tí Gómìnà Carter rìn la ilẹ̀ Yorùbá kọjá dé Ìlọrin, ni àwọn ọmọ ogun tó kúrò ní Ìkìrun, tí Ògèdèǹgbé sì padà sí Iléṣà.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀fẹ́ ni Gómìnà ṣe é. Ní 1892 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fi ìbọn ṣí ọ̀nà Ìjẹ̀bú. Ọ̀nà òwò ni wọ́n ń wá. Ní oṣù Kẹjọ 1893 Ìbàdàn fi ọwọ́ sí ìwé mìíràn, kí ọdún náà sì tó parí, Captain Bower ti jókòó sí Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí aṣojú ìjọba. Onílàjà di onílé. Àwọn kan nínú wa a máa wí pé àwọn baba wa gọ̀ láti pè wọ́n. Èmi kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ti sùn sínú àgọ́ fún ọdún mẹ́rìndínlógún, tí ó sì sin ọmọ síbẹ̀, òun ni kí a bi.

Àwọn ọmọ ogun náà tún jẹ́ ìṣòro fún ara wọn. Ọmọ tí ó lọ sójú ogun ní ọmọ ogún ọdún ti ń sún mọ́ ogójì. Kò mọ iṣẹ́ mìíràn ju ìbọn yíyìn àti ènìyàn kíkó lọ. Iléṣà kún fún irú wọn lẹ́yìn 1893, wọ́n sì ń yọ ìlú àti ọ̀nà lẹ́nu. Ní 1894 Bower mú Ògèdèǹgbé fúnra rẹ̀, ó sì mú un kúrò ní ìlú fún ìgbà kan. Ó padà wá, ó di Ọbańlá, ó sì kú ní 1910. Ohun tí ó tú àwọn ọmọ ogun ká ní tòótọ́ kì í ṣe ẹ̀wọ̀n. Iṣẹ́ ni: wọ́n wọ igbó lọ wá rọ́bà, lẹ́yìn náà ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀ṣà gbé aṣọ ká ọ̀nà jíjìn bí òṣómàáló, àwọn mìíràn gbin kòkó. Bóyá nínú àwọn baba ńlá àwọn ọmọ tí mo kọ́ ní Ìpetu, a rí ẹni tí ó sọ ìbọn kalẹ̀ tí ó sì gbé ẹrù aṣọ rù.

Ó wá ku ẹsẹ kan nínú ìwé àdéhùn 1886, èyí tí n kò mẹ́nu kàn nínú kíláàsì. Mọ́dákẹ́kẹ́ ni. Àwọn ará Ọ̀yọ́ tí ogun lé kúrò ní ilẹ̀ wọn ni wọ́n wá sá sí Ifẹ̀, Ọọ̀ni sì fún wọn ní ibùgbé ní ẹ̀bá ìlú. Ìjà bẹ́ láàrín wọn ní 1849, Mọ́dákẹ́kẹ́ sì lé Ifẹ̀ kúrò nínú ìlú fún ọdún mélòó kan. Nítorí náà, nígbà tí àkókò àdéhùn tó, Ifẹ̀ ní bí Mọ́dákẹ́kẹ́ kò bá kúrò, òun kò gbà. A sì kọ ọ́ sínú ìwé pé kí Mọ́dákẹ́kẹ́ ṣí lọ sí ilẹ̀ tí ó wà láàrín odò Ọ̀ṣun àti odò Ọ̀bà. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá Ifẹ̀ gbé lè gbé pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní ibi tí ìlú náà wà.

Ní orí ìwé, ó dára. A rí ilẹ̀, a rí àkókò, a rí òǹtẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí a ní kí wọ́n ṣí kò fẹ́ ṣí. Ibojì àwọn baba wọn wà níbẹ̀, oko wọn wà níbẹ̀, ọmọ tí a bí síbẹ̀ ti ń bí ọmọ. Àwọn aṣojú Gómìnà lọ láti Kírìjì sí Mọ́dákẹ́kẹ́ pé kí wọ́n mú ọ̀rọ̀ náà ṣẹ, wọ́n sì padà láìrí i ṣe. Ọ̀rọ̀ tí ó tú ibùdó ńlá méjì ká ní Kírìjì kò lè ṣí ìlú kan nípò. Ní 1909 a tú Mọ́dákẹ́kẹ́ ká ní tòótọ́. Láti 1922 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí padà. Ìjà tún bẹ́ ní 1981. Láti 1997 títí wọ 2000 ó tún bẹ́, ní ìgbà náà nítorí ibi tí a óò fi olú ìjọba ìbílẹ̀ kan sí, ènìyàn púpọ̀ sì kú, ilé púpọ̀ jó. Ẹsẹ kan ṣoṣo nínú ìwé 1886 ni mo ń sọ yìí.

Nígbà tí mo ka èyí tán, mo lóye ìdí tí ọmọbìnrin yẹn fi da ojú bolẹ̀. Nínú ẹ̀kọ́ tí mo kọ́, "àwa" wà, "àwọn" wà, òun kò sì sí ní ìhà kankan. Òkè méjì ni mo yà, bẹ́ẹ̀ ni ilé bàbá rẹ̀ kò sí lórí òkè kankan nínú wọn.

Bí a bá tún rán mi lọ sí Ìpetu, n óò tún ẹ̀kọ́ náà kọ́. N óò ya Kírìjì, n óò ya Ìkìrun níbi tí Ìbàdàn jókòó sí, n óò ya Ọ̀fà àti Ìlọrin ní òkè pátákó, n óò ya Ifẹ̀ àti Mọ́dákẹ́kẹ́ ní ìsàlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, àti ilẹ̀ òfìfo yẹn ní àárín Ọ̀ṣun àti Ọ̀bà tí a ní kí wọ́n lọ. Lẹ́yìn náà n óò pe ọmọkùnrin tí ó bi mí ní ìbéèrè, n óò fi ṣọ́ọ̀kì lé e lọ́wọ́, n óò sì ní kí ó fi hàn mí ibi tí ó rò pé ogun náà parí sí.